Latakia Kọ́ Ni Gbogbo Ohun Tó Wà Nínú Àpòpọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Òǹkàwé kan tó ń gbé ní London ló kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń mu ìkòkò tábà, tábà olóòórùn fànílà ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́ yìí mo ra agolo tábà kan tí wọ́n ń pè ní àpòpọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí pé gbogbo àwọn àgbà nídìí ìkòkò ló ń yìn ín. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, òórùn igi jíjó ló kọlù mí. Ìyàwó mi ní kí n gbé e jáde nílé. Mo mu ún, ahọ́n mi ń ta mí, èéfín nìkan ni mo sì tọ́ wò. Kí ni àwọn èèyàn ń rí nínú ẹ̀ gan-an? Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n mu ni, àbí orúkọ lásán ni wọ́n ń rà?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó da tábà náà nù. Gbogbo ohun tí o kọ yìí, ibì kan náà ló ti sú yọ: ewé kan ṣoṣo lo gbọ́ òórùn rẹ̀, o sì gbà pé òun ni gbogbo ohun tó wà nínú agolo. Latakia ni wọ́n ń pe ewé náà. Ipò tí irú wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni Latakia wà nínú àpòpọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń kọjá lọ níwájú ilé, irú nìkan ni imú rẹ̀ máa gbé. Ẹni tó bá jókòó ti àwo ló máa mọ̀ pé ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, epo wà níbẹ̀, ẹran náà sì wà níbẹ̀. Kò sí àbùkù nínú imú rẹ, àwọn tó ń yìn ín kò sì parọ́.

Mo ta tábà ìkòkò nílùú London fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì rí àwọn tó gbé agolo wọn padà wá nítorí ohun tó ṣe ọ́ yìí gan-an. N kì í bá wọn jiyàn. Bébà funfun ni mo máa ń tẹ́ sórí tábìlì, màá sì ní kí wọ́n sún mọ́ mi.

Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bu ìwọ̀n tábà tó lè kún ìkòkò kan, tú u sórí bébà funfun lẹ́bàá fèrèsé, kí o sì máa fi orí ìka yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó dúdú kirikiri, tí kò dán, Latakia ni. Èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè, tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, Virginia ni. Èyí tó jẹ́ búráùn, tó fẹ́ ya sí àwọ̀ ewé gbígbẹ, tí fọ́nrán rẹ̀ sì sábà máa ń kúrú, ewé Oriental ni, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Tọ́kì. Ó lè gbà ọ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Má kánjú.

Wá gbé ìkọ̀ọ̀kan sí imú. Mú fọ́nrán Virginia díẹ̀, fi àtàńpàkò rún un, kí o gbóòórùn ìka rẹ: koríko tí oòrùn ti pa gbẹ ni, pẹ̀lú búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, nígbà mìíràn kí ó dà bí èèpo ọsàn. Oriental yàtọ̀. Ó kan díẹ̀, ó ta díẹ̀, òórùn awọ àti tùràrí sì wà lábẹ́ rẹ̀. Latakia ni kí o fi ṣe ìkẹyìn, nítorí bí o bá fi ṣáájú, imú rẹ kò ní gbọ́ ti àwọn yòókù mọ́. Kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ padà, kí o tún gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti rí ojú àwọn oníbàárà níbi tí wọ́n ti ń ṣe èyí: òórùn tí wọ́n ní igi jíjó lásán ni tẹ́lẹ̀ á wá di mẹ́ta lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì máa fi ìka tọ́ka sí èyí tí wọ́n ń gbọ́.

Ìdí tí mo fi fẹ́ kí o mọ ewé kọ̀ọ̀kan nìyí: ohun tí wọ́n ń pè ní àpòpọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí ewé ló dúró lé pátápátá. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà pípẹ́ kò gba àwọn tó ń ṣe tábà láàyè láti máa da ṣúgà, omi adùn àti òórùn sí i bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún wọn láti jẹ́ kí tábà wọn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn ni pé kí wọ́n lọ wá ewé tó dáa káàkiri ayé, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n pò. Tábà fànílà tí o fi bẹ̀rẹ̀, adùn tí wọ́n dà sí i ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Nínú èyí, kò sí ohun tó lè bo ewé burúkú mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dída adùn sí tábà yìí kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe mọ̀ lọ. Ní ìgbà òwò ẹrú, Bahia ní ilẹ̀ Brazil ń gbin tábà púpọ̀. Ewé tó dára jù, Lisbon ni wọ́n ń kó o lọ. Ewé tí wọ́n kà sí ìpele kẹta, tí ọjà Portugal kò fẹ́, wọ́n á fi omi ìrèké tí wọ́n sè tó ki pa á lára, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á ká a jọ ní róòlù ńláńlá, wọ́n á sì kó o wá sí etíkun tiwa: Ouidah, Àjàṣẹ́, Èkó. Àwọn oníbàárà etíkun yìí fẹ́ràn adùn rẹ̀ débi pé àwọn oníṣòwò láti orílẹ̀-èdè mìíràn náà ń wá tábà Bahia kí wọ́n lè rí ọjà rà. Èèyàn ni wọ́n sì ń fi rà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ìran wọn wà ní Bahia títí dòní, òwò yìí ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Mi ò sọ pé gbogbo tábà aládùn ló burú, àwọn kan wà tí wọ́n fi ewé gidi ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ fún mi pé adùn ni àmì tábà tó dáa, ìtàn yìí ni mo máa ń rántí, inú mi kì í sì í dùn sí ọ̀rọ̀ náà.

Ó yá, ká padà sórí bébà. Virginia ni ìpìlẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, òun ló ní ṣúgà jù, láti inú ewé fúnra rẹ̀, ooru ni wọ́n sì fi ń gbẹ ẹ́ nínú ilé tí wọ́n dí pa, kí ṣúgà náà lè dúró sínú rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa bí ewé aláwọ̀ ìyeyè yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú kan ló ti wá, ẹrú ni, Stephen lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1839, ní Caswell County, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, ó ń ṣọ́ iná nínú ilé tí wọ́n ti ń gbẹ tábà ní oko ọ̀gá rẹ̀, Abisha Slade. Oorun gbé e lọ. Nígbà tó fi máa ta jí, iná ti fẹ́ kú tán. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ó sáré lọ kó èédú tí wọ́n fi ń rọ irin, ó dà á sí iná náà. Ooru ru sókè lójijì, kò sì ní èéfín tó pọ̀ nínú. Ewé tó yẹ kó di búráùn bá yọ ní àwọ̀ ìyeyè tó mọ́ kedere. Slade ta ewé náà lówó gọbọi, òkìkí rẹ̀ kàn, ó sì ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọn ó ṣe máa ṣe é. Stephen ṣì jẹ́ ẹrú. Nígbàkígbà tí mo bá ń ka ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìkòkò kọ nípa bí àwọn ará London ṣe mọ tábà pò tó, orúkọ ọkùnrin yìí ni mo máa ń wá, ó sì máa ń dùn mí pé n kì í sábà rí i.

Irú Virginia tí wọ́n ń fi ooru gbẹ yìí náà ni àwọn àgbẹ̀ wa gbìn ní Òkè-Ògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, fún àwọn tó ń ṣe sìgá. Bí o bá ní ẹbí níbẹ̀, bi àwọn àgbà léèrè bí inú ilé gbígbẹ tábà ṣe máa ń rí lóru tí wọ́n bá ń ṣọ́ iná. Ohun tó ya sìgá àti ìkòkò sọ́tọ̀ ni pé sìgá máa ń jó tán kíákíá, ìkòkò sì lè gbà tó wákàtí kan. Adùn Virginia kì í jáde fún ẹni tó bá ń sáré.

Oriental ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, òun náà sì ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í rí. Ewé kéékèèké ni. Orí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ni wọ́n ń gbìn ín sí ní Tọ́kì, ní Gíríìsì àti àwọn ilẹ̀ tó yí wọn ká, oòrùn ni wọ́n sì ń sá a sí kó gbẹ. Orúkọ ìlú tàbí agbègbè ló sábà máa ń jẹ́: Izmir, Samsun, àti Yenidje tó ti agbègbè Xanthi ní Gíríìsì wá. Ṣúgà rẹ̀ kò tó ti Virginia, nikotíìnì rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n òórùn tó wà lára rẹ̀ kò láfiwé. Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú àpòpọ̀ ni pé ó máa ń so adùn Virginia pọ̀ mọ́ èéfín Latakia. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, adùn á dúró lápá kan, èéfín á dúró lápá kejì, wọn kò ní bára wọn mu. Ohun kíkan díẹ̀ tí o máa gbọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n nígbà tí ìkòkò bá ti dé àárín, tí itọ́ á sì máa sun sí ọ lẹ́nu, Oriental ni.

Latakia fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èbúté kan ní Síríà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ewé náà lọ sókè òkun. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ní ọdún kan tábà pọ̀ ju ohun tí ọjà lè gbà lọ, àwọn àgbẹ̀ bá fi ìyókù kọ́ sí àjà ilé wọn, lókè ibi tí wọ́n ti ń dáná, kí òtútù tó parí, èéfín ti sọ ewé di dúdú, wọ́n sì rí i pé ó ti yàtọ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí ní tòótọ́ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é títí dòní kò jìnnà sí i. Wọ́n á kọ́kọ́ sá ewé náà sí oòrùn, lẹ́yìn náà wọ́n á fi kọ́ sínú ilé, wọ́n á sì máa fi èéfín igi olóòórùn rú u lọ́sàn-án lóru títí yóò fi dúdú wọra. Lónìí, Latakia inú ọ̀pọ̀ agolo, erékùṣù Kípírù ló ti wá, ilẹ̀ Bánábà inú Bíbélì. Igi páìnì, mítílì àti igi mastic tó ń sun oje olóòórùn wà lára ohun tí wọ́n fi ń rú u níbẹ̀. Ti Síríà yàtọ̀, ó kan ju ti Kípírù lọ díẹ̀, kò sì ki tó o, ṣùgbọ́n igi tí wọ́n ń dá fún iṣẹ́ náà ń pa igbó run, ewé náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lọ́jà.

Wàá rí i pé kí ó tó wọ inú èéfín, ewé Oriental ni Latakia. Ìdí nìyí tí òórùn rẹ̀ fi le tí agbára rẹ̀ kò fi le. Nikotíìnì rẹ̀ kéré, ṣúgà rẹ̀ kéré, ó sì máa ń jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá mu àpòpọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ojú rẹ̀ ń yí, kò gbọ́dọ̀ dá Latakia lẹ́bi. Virginia ni, tàbí ewé mìíràn tí wọ́n ń pè ní Perique.

Perique, màá fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ ọ́. St. James Parish ní Louisiana ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n máa ń tẹ ewé mọ́lẹ̀ sínú àgbá wísíkì kí omi ara rẹ̀ lè pọ́n ọn, wọ́n á sì máa tú u jáde, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ padà, ó sì máa ń tó ọdún kan. Ó máa ń ta bí ata, ó sì ní òórùn èso tó ti pọ́n jù. Díẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sínú àpòpọ̀. Bí o bá rí orúkọ rẹ̀ lára agolo, mọ̀ pé tábà náà á le díẹ̀ sí i.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ahọ́n tó ń ta ọ́. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe ewé dúdú ló ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ló ń fa èyí: tábà tó ṣì tutù, àti fífà tí a ń fà á kíákíá. Tábà inú agolo sábà máa ń ní ọ̀rinrin ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Bí iná bá kàn án, omi inú rẹ̀ á di ooru gbígbóná, ooru náà ló sì ń jó ahọ́n. Tábà fànílà tí o ti mọ́ra náà ti kọ́ ọ ní àṣà burúkú kan, torí ó máa ń tutù, iná máa ń kú sí i, èèyàn á wá máa fà á gidigidi kí ó má bàa kú. Bí o bá gbé àṣà yẹn wá síbi Virginia tó kún fún ṣúgà, ahọ́n rẹ á sọ fún ọ.

Nítorí náà, tẹ́ tábà rẹ sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan kí o tó mu ún. Fún un láàárín ìka méjì, kí o sì tú ọwọ́ sílẹ̀. Bí ó bá dì pọ̀, tó dúró bẹ́ẹ̀, kò tíì gbẹ tó. Bí ó bá ń rún wẹ́wẹ́, ó ti gbẹ jù. Ó yẹ kó là díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí o bá ń kó o sínú ìkòkò, jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ dẹ̀, kí ti òkè le díẹ̀. Fà á kí o tó ṣáná: ó yẹ kí afẹ́fẹ́ kọjá pẹ̀lú ìdíwọ́ tó kéré gan-an. Ìṣáná onígi ni mo fẹ́ kí o lò, kì í ṣe làítà tó ń tú iná líle. Iná àkọ́kọ́ máa jẹ́ kí tábà wú sókè, jẹ́ kó kú, fi ohun tí o fi ń tẹ tábà tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí o wá tún ṣáná sí i. Láti ibẹ̀ lọ, máa fà á bí ẹni tó ń tọ́ ẹ̀kọ gbígbóná wò. Bí ara ìkòkò bá gbóná débi tí o kò lè gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbé e sílẹ̀ kó tutù. Bí iná bá kú, tún un tàn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, èmi náà ń tún tèmi tàn.

Má fà á sí àyà. Ẹnu ni èéfín ìkòkò wà fún. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa yí gbogbo rẹ̀ padà fún ọ. Ahọ́n ò mọ ju dídùn, kíkan, iyọ̀ àti kíkorò lọ púpọ̀. Àwọn nǹkan yòókù tí mo ti ń dárúkọ látẹ̀yìnwá, imú ló ń gbọ́ wọn. Nígbà tí èéfín bá wà ní ẹnu rẹ, jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde láti ẹnu, kí o sì rọra tú ìyókù, díẹ̀ báyìí, gba imú jáde. Àkọ́kọ́ lè ta ọ́ lójú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wàá gbọ́ búrẹ́dì Virginia níbi tó jẹ́ pé èéfín nìkan lo ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Àti pé ìkòkò kì í rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Latakia ló máa ń ṣáájú. Ní àárín, imú rẹ á ti mọ́ èéfín, Oriental á yọjú. Sí ìdí ìkòkò, adùn Virginia á ti ki. Ẹni tó bá sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kò tíì mu àpòpọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Màá sọ èyí láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, torí mo fẹ́ràn rẹ. Tábà ni tábà ń jẹ́. Bí a kò tilẹ̀ fà á sí àyà, èéfín ìkòkò ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹnu, ètè àti ọ̀fun, nikotíìnì inú rẹ̀ sì ń di bárakú. Kò sí ìwọ̀n tó wà láìséwu, ewu náà sì ń pọ̀ sí i bí mímu bá ṣe ń pọ̀. Èmi kì í mu ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́jọ́, ọjọ́ púpọ̀ sì wà tí n kì í mu rárá, mo sì máa ń jẹ́ kí dókítà eyín wo inú ẹnu mi déédéé. Ó wù mí kí o ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá rí egbò lẹ́nu tí kò san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lọ síwájú dókítà lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ náà ní ẹ̀tọ́: òórùn Latakia máa ń wọ inú kọ́tìnì àti àga, kì í sì í tètè lọ. Ìta ni kí o ti máa mu ún, pàápàá bí ọmọdé bá wà nílé.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò fúnra rẹ̀. Igi ìkòkò máa ń mu òórùn tábà tí a fi ń mu inú rẹ̀. Ìkòkò tí o ti fi mu fànílà láti ìgbà yìí wá, fànílà á máa yọjú nínú gbogbo ohun tí o bá fi sí i, bóyá èyí náà wà lára ohun tó ba tábà rẹ jẹ́. Ya ìkòkò kan sọ́tọ̀ fún tábà oní-Latakia. Kò ní láti jẹ́ olówó ńlá. Ìkòkò tí wọ́n fi kùùkù àgbàdo ṣe, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Missouri Meerschaum ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1869, dáa gan-an fún ẹni tó fẹ́ mọ adùn ewé, torí ó máa ń fa ọ̀rinrin mu, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Agolo tí o ti ṣí, da ìyókù inú rẹ̀ sínú ìgò oníderí líle, kó má bàa gbẹ. Latakia máa ń rọ̀ bó bá ṣe ń pẹ́ sí i nínú ìgò, Virginia sì máa ń dùn sí i. Agolo tó ti lo ọdún márùn-ún nínú kọ́bọ́ọ̀dù kì í ṣe tábà kan náà mọ́, mo sì máa ń ra méjì-méjì nítorí èyí, ọ̀kan fún ìsinsìnyí, ọ̀kan fún ọjọ́ iwájú.

Èwo ni kí o wá rà? Wàá rí àwọn tó ń jiyàn lórí èyí tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti èyí tó jẹ́ Balkan. Ní kúkúrú, bí Oriental bá pọ̀ tó fi ń ṣáájú, wọ́n máa ń pè é ní Balkan. Kò sí aláṣẹ tó fi ààlà sí i, má sì jẹ́ kí ó gbà ọ́ lákòókò.

Alfred Dunhill ló sọ irú tábà yìí di olókìkí jù. Ó ṣí ilé ìtajà rẹ̀ ní Duke Street, ní London, lọ́dún 1907. Oníbàárà á wọlé, á sọ ohun tó fẹ́ràn, wọ́n á pò ó fún un, wọ́n á sì kọ ìwọ̀n ewé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà, kí wọ́n lè tún un pò nígbà tó bá padà wá. Nọ́ńbà irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni 965 tó wà lára orúkọ My Mixture 965. Tábà Dunhill kúrò ní London lọ sí Belfast, láti ibẹ̀ ó lọ sí Denmark, lónìí orúkọ Peterson ló sì wà lára agolo rẹ̀. Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé ti àtijọ́ dáa jù. Èmi ti mu méjèèjì, mo sì gbà pé ti ìsinsìnyí tó láti kọ́ èèyàn ní ohun tó yẹ kó mọ̀.

Early Morning Pipe, ọ̀kan lára àwọn tábà Dunhill yìí, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Latakia rẹ̀ kò pọ̀, Oriental àti Virginia sì hàn kedere nínú rẹ̀. Mu ún títí agolo náà á fi tán, má pa á dà mọ́ òmíràn láàárín. Lẹ́yìn rẹ̀, Squadron Leader, tí Samuel Gawith ń ṣe ní Kendal, ní àríwá England, ilé-iṣẹ́ tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1792. Tábà wọn sábà máa ń tutù nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, nítorí náà fún un ní wákàtí méjì lórí bébà dípò ọ̀kan. Oriental inú rẹ̀ ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Bí o bá ti gbádùn méjèèjì yẹn, London Mixture àti 965 kò ní ṣòro fún ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni agolo tí o rà tẹ́lẹ̀. Fi Nightcap sẹ́yìn gbogbo wọn. Perique wà nínú rẹ̀, Latakia rẹ̀ pọ̀, nikotíìnì rẹ̀ sì le ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí náà lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni kí o máa mu ún, má ṣe mu ún lórí ikùn òfìfo.